Gbèsè ìsìnkú ò tíì tán, aṣọ ẹbí míì ti dé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àyọ̀ Mushin (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè máa gbé sínú sùn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni bàbá ọkọ mi papò dà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgbà ni bàbá. Ẹbí ní òkú àgbà kì í ṣe òkú tí à ń sin ní bòńkẹ́lẹ́. Ọkọ mi ni àkọ́bí ọkùnrin, màlúù já lé e lórí, tẹ́ǹtì àti àga já lé e lórí, aṣọ tí àwa fúnra wa wọ̀ tún wà níbẹ̀. A lọ, a ṣe é, a jó, a padà sí Mushin. Láti ìgbà náà la ti ń san án.

Lálẹ́ àná, mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ ọkọ mi, ₦420,000 ló kù, ₦35,000 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Áàpù ayánilówó méjì lórí fóònù mi, ọ̀kan ₦95,000, ọ̀kan ₦60,000. Ọkọ mi ò mọ̀ nípa èkejì yẹn o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ₦200,000. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ méjèèjì, ₦75,000. Ìyá alátẹ ẹnu ọ̀nà wa, àwìn, ₦38,000. Mo ro ó lẹ́ẹ̀mẹta, ₦888,000 ni.

Síkiọ́rítì ni ọkọ mi níléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ₦140,000 ni wọ́n kọ sí ìwé owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ti kọpurétíìfù. Èmi ń ránṣọ. Oṣù tó bá dára, mo lè rí ₦90,000. Oṣù tí iná ò bá sí, tí gbogbo èrè wọ inú jẹnẹrétọ̀, ₦50,000 náà á di àdúrà.

Ibi tí mo jókòó sí nìyí tí fóònù dún. Ọmọ àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Léèsì ₦45,000, gèlè lọ́tọ̀. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n ṣàìsàn lọ́jọ́ náà?

Gààrì Ìjẹ̀bú

Ẹ má rà á. Ó tán.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Gààrì, ìwọ ò níyàwó, o ò lána, ìwọ kọ́ ni wọ́n máa bi pé kí ló dé tó ò wọ aṣọ ẹbí nínú fọ́tò.

Ìyá Àyọ̀, mo ń ta léèsì àti gèlè ní Balógun láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọjà fún yín. Léèsì ₦45,000 yẹn, ó ṣeé ṣe kó máà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń pín aṣọ ẹbí á gbé owó díẹ̀ lé e, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó gbọ̀ngàn àti owó alásè. Kì í ṣe olè, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ra aṣọ yẹn, ẹ ti dáwó sí ìnáwó náà kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ óò tún náwó nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀.

Gèlè nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ wá léèsì tẹ́lẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá gèlè náà mu. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ kò lè ní kò sí aṣọ nínú àpótí. Idà àwọn tó máa wà níbẹ̀, gèlè nìkan ló wà lórí wọn.

Àbíkẹ́ Yábà

"Idà"? Ìdajì lẹ fẹ́ kọ o, Àǹtí. Mo ti rò pé ẹ ń mú idà bọ̀ níbi ìgbéyàwó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Fóònù ni. Ẹ má dá mi lóhùn.

Àbíkẹ́ Yábà

Ìyá Àyọ̀ mi, aṣọ ẹbí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín, áàpù méjèèjì yẹn ni. Mo yá ₦50,000 nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi. ₦43,000 ló wọ àkáǹtì mi, wọ́n ti yọ tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá wọ́n ní kí n mú ₦56,000 wá. Mo pẹ́ ọjọ́ méjì péré. Wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa, sí obìnrin tó ń dirun fún mi, sí ọkùnrin kan tí mo ti fi sílẹ̀ láti 2019. Ọkùnrin yẹn ló wá pè mí tó ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, òun á bá mi san án. Ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò bá wọlé.

Láti 2022 ni àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni Google náà ti ní áàpù tó bá ń yáni lówó ò gbọdọ̀ máa wo orúkọ àwọn èèyàn orí fóònù ẹni mọ́. Ẹ lọ wò ó bóyá àwọn tiyín wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, tí wọ́n sì ń halẹ̀, ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, kí ẹ fi sùn wọ́n. Ẹ ṣì máa san owó wọn o. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló máa ń jẹ́ kéèyàn lọ yá tẹ̀míì láti fi san tàkọ́kọ́, bí tèmi ṣe di mẹ́rin nìyẹn.

Tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ san, kí ẹ tó san ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Mo kí gbogbo yín. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, Ṣómólú ni mo ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo ti ń darúgbó.

Bàbá bàbá mi, ará Iléṣà, òṣómàálò ni. Ẹ̀yin ọmọdé lè máà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, ọjọ́ tí owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní "òṣó ni mo máa ló gba owó mi", wọn ò ní jókòó, wọn ò ní mu omi. Gbogbo àdúgbò á ti mọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́ yìí, mo ní áà, wọ́n ti kó òṣómàálò wọ inú fóònù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá bàbá mi mọ orúkọ ọmọ oníbàárà rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n ń kórè kòkó.

Àbíkẹ́, mo gbọ́ tìẹ, ṣùgbọ́n n ò gbà pé áàpù ni kí wọ́n kọ́kọ́ san nìkan. Ìyá alátẹ ńkọ́? ₦38,000 lè jẹ́ ìdajì ọjà tó wà lórí tábìlì obìnrin yẹn. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Àyọ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Àbíkẹ́ Yábà

Ẹ má bínú sà, Ẹ̀gbọ́n. Àánú Ìyá alátẹ ń ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n Ìyá alátẹ ò gba èlé.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Ta ló sọ fún ọ? Kí Ìyá Àyọ̀ rán ọmọ tí wọn ò mọ̀ sí ilé wọn lọ ra mílíìkì ọlọ́rá kan, kó sanwó lójú ẹsẹ̀, kó wá wo iye tí wọ́n kọ fún òun nínú ìwé àwìn.

Ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ẹ fi sí àárín gbólóhùn bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan: ọkọ yín ò mọ̀ nípa ₦60,000. Ẹ dà bí ẹni méjì tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kan náà, tí ọ̀kan ò mọ̀ pé omi ń wọlé lẹ́yìn. Ẹ sọ fún un. Lónìí.

Ìyá Àyọ̀ Mushin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé púpọ̀, Ẹ̀gbọ́n sà. Mo rán ọmọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. ₦50 ló fi lé e. Lórí mílíìkì kan ṣoṣo o! Mo wá jókòó ro iye mílíìkì, iye ọṣẹ, iye ìdì ìndómì tí mo ti gbà láti oṣù kẹsàn-án. N kò bá a jà, òun náà ń ra ọjà, èmi ni mo ń fi owó rẹ̀ ṣòwò tèmi. Ṣùgbọ́n ojú mi là.

Ọ̀rọ̀ ti ọkọ mi, n ò tíì sọ. Ó ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ń sùn.

Mo gbàgbé láti sọ pé mo wà nínú àjọ kan, ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ₦10,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlà kẹjọ ni mo wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé kí n jáde ńbẹ̀ kí n lè máa fi owó yẹn san gbèsè?

Alájọ Òyìngbò

Ẹ má jáde! Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe bá yín sọ̀rọ̀.

Nǹkan méjì ni gbogbo wa ń pè ní àjọ l'Ékòó. Èyí tí èmi ń gbà lọ́jà, ojoojúmọ́ ni, mo ń fàmì sí káàdì, tí oṣù bá parí mo kó owó yín fún yín, mo yọ ti ọjọ́ kan. Tí ẹ bá dá ₦1,000 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦29,000 ni ẹ óò gbà. Ẹ̀ ń sanwó fún mi kí ẹ má baà rí owó yín ná ni, kí n má purọ́.

Èyí tí ẹ̀yin wà, èésú nìyẹn. Ẹni mẹ́wàá dá a, ẹnì kan kó o. Ẹni tó kó o lákọ̀ọ́kọ́, owó àwọn yòókù ló yá láìsí èlé. Ẹni tó kó o gbẹ̀yìn, òun ló yá wọn. Ìlà kẹjọ tí ẹ wà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè lẹ̀ ń yá àwọn ẹlòmíì lówó! Ẹ lọ bẹ ẹni tó wà ní ìlà kẹta. Ẹ wá ẹni tí kò ní bùkátà báyìí, tó jẹ́ pé ṣe ló fẹ́ kí owó rẹ̀ pẹ́ níta. Ó máa ń wà, pàápàá àwọn tó ń fi owó dúró de oṣù tí wọ́n máa san owó ilé. ₦100,000 tí ẹ bá kó, áàpù ₦95,000 ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ óò máa dá ₦10,000 yín lọ láìyẹ̀, nítorí ẹni tó bá kó èésú síwájú tó wá sá, n ò ní sọ orúkọ tí à ń pè é níbí.

Gààrì Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ibi tí owó ń gbà lọ nìyẹn. Èmi, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo ń mu gààrì, pẹ̀lú ẹ̀pà, mo sì san ₦300,000 láàárín oṣù mẹ́jọ.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ríran?

Má bínú, àbúrò, mò ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní ọmọ méjì tó ń lọ sílé-ìwé ò lè fi gààrì bọ́ wọn. N kò fara mọ́ àwọn tó máa ń ní kéèyàn fi ebi san gbèsè. Oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ owó, ìrà ẹyọ-ẹyọ ni. Ata ẹyọ mẹ́fà, epo inú ọ̀rá, ìrẹsì ife mílíìkì kan. Ẹni tí kò lówó ló ń ra ọjà tó wọ́n jù l'Ékòó, nítorí kò ní iye tó máa fi ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí àwa ń ṣe nìyí. Obìnrin márùn-ún ni wá. Gbogbo Sátidé kejì, ẹni méjì nínú wa á jí dé ọjà Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan, rodo àti tàtàṣé inú ike, àlùbọ́sà, a ó pín in sí márùn-ún lórí tapólì nínú ọgbà wa. Ẹni tó bá lọ ọjà, òun ló máa kọ́kọ́ mú. Owó ọkọ̀ àwọn méjì yẹn, gbogbo wa la dá a. Ẹja náà bẹ́ẹ̀: páálí ṣàwá kan ní ilé ẹja dídì, ẹni márùn-ún. Ẹ má lọ ra apẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún sí ìkeje o, ìgbà yẹn ni tòmátò Òkè-Ọya máa ń wọ́n, ẹ fi tàtàṣé ṣe púpọ̀ nígbà náà. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ká jẹ tòmátò.

Wọ́n á ní firíìjì dà? Kò sí iná. Ẹ lọ tòmátò àti ata náà pọ̀, ẹ gbé e kaná láìfi epo sí i, kí omi rẹ̀ fà tán pátápátá. Ẹ máa rí i tó bá ti ń fọ́n sókè, pùt, pùt, tó ń ta sí ògiri, ó ti kù díẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa da epo sí i, kí ẹ dín in títí epo á fi yọ sókè lójú rẹ̀. Ẹ bù ú sínú ike mímọ́ gbígbẹ, kí epo bò ó mọ́lẹ̀. Ṣíbí tó lómi lára ò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀. Èmi ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì, ó ń dé ọ̀sẹ̀ kejì lọ́dọ̀ mi. Èédú ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gáàsì á kàn parí síbẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, ẹ yí ìdí kóńgò wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ kóńgò yẹn! Ojú mi ti rí i.

Ti ọṣẹ, mílíìkì, ìndómì, ẹ gbà á ní páálí ní ọjà Òkè-Àrin, ẹ pín in bákan náà. Ẹ má mú ọmọ lọ síbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Tẹ́lẹ̀

Ọkọ yín ń lọ láti Mushin sí Ìkẹjà, ẹ ò dárúkọ iye tó ń wọkọ̀. Mo wa dánfó fún ọdún mọ́kànlá, mo mọ ohun tí òjò ń sọ owó ọkọ̀ dà. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024, ń dúró ní Mushin, ó ń dúró ní Ìkẹjà. Kò dà bíi dánfó tó ń lọ lemọ́lemọ́, ó ní àkókò tirẹ̀, nítorí náà kí wọ́n wo bóyá ó bá wákàtí iṣẹ́ wọn mu. Káàdì Cowry, èyí tí èèyàn ń kó owó ọkọ̀ sí, ni wọ́n máa fi wọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ kì í yí padà nítorí òjò.

Ìyá Àyọ̀ Mushin (Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́)

Mo sọ fún un.

Mo gbé oúnjẹ fún un, mo jẹ́ kó jẹun tán, mo kúnlẹ̀, mo ní bàbá Àyọ̀, áàpù kejì wà. Ó dákẹ́ pẹ́. N ò mọ ohun tí mo ń retí. Ó wá ní òun náà jẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ òun ní ₦25,000, láti ìgbà tí owó oníṣọ́ọ̀ṣì… mo ṣì í kọ, owó àwọn onílù, lọ́jọ́ ìsìnkú ò pé. Oṣù méje! Àwa méjèèjì la wá ń wo ara wa, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wa bí ẹni pé wọ́n fi wá ṣẹ̀sín. Àyọ̀ jí, ó ní kí là ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ₦913,000 ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ pé ₦200,000 rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ọ̀la la máa lọ bá a ní Súrùlérè. Kì í ṣe pé a lówó lọ́wọ́, a fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa ni.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Ẹ mú ọsàn dání. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.

Àbíkẹ́ Yábà (oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ìyá Àyọ̀, ẹ fi wá sílẹ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni? Léèsì ńkọ́?

Ìyá Àyọ̀ Mushin

Ẹ má bínú, ìgbà aṣọ ni, n ò rí àyè mí.

Gèlè nìkan ni mo rà. Ìyá ọkọ ìyàwó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní "ìyàwó wa, gèlè yìí mà bá ọ mu", mo mọ ohun tó ń sọ, mo ní ẹ ṣé mà, mo lọ jókòó. Obìnrin méjì ló gba nọ́ńbà mi níbẹ̀ nítorí aṣọ tí mo wọ̀. Ọ̀kan ti mú iṣẹ́ wá, èkejì ń pè mí lásán.

Ìyá kan fún mi ní ìlà kẹta nínú èésú náà, ti òun ni pé owó ilé òun di ìparí ọdún. Bí áàpù ₦95,000 ṣe lọ nìyẹn. Mo ta máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ kan tó kàn ń gba ààyè nínú ṣọ́ọ̀bù, ₦65,000, áàpù kejì lọ, mo sì pa àwọn méjèèjì rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ìyá tó ni ilé-ìwé ní kí n rán aṣọ ilé-ìwé ọgbọ̀n fún òun, ₦1,500 lórí ọ̀kan, ó yọ ₦45,000 nínú owó àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gba ọsàn, ó ní ₦10,000 lóṣù ni ká máa mú wá, a ti mú un lẹ́ẹ̀mejì, oṣù tó kọjá la ò lè mú un, a pè é kó tó pè wá. Kọpurétíìfù ti yọ oṣù mẹ́ta. Ti ẹni ibi iṣẹ́ ọkọ mi ṣì wà bó ṣe wà, ó ń rọra.

Ìyá alátẹ, ₦3,000 ni mò ń mú lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá ni mo san ₦2,000 tó gbẹ̀yìn. Ó ya ojú ìwé náà kúrò, ó fẹ́ fi dì mí ní ẹ̀pà, mo ní rárá, ẹ fún mi. Ó wà nínú ìwé ìwọ̀n mi báyìí.

₦550,000 ló kù. Ọkọ mi ní kí n yéé máa sọ ọ́ sókè bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ.

Gààrì Ìjẹ̀bú

Mo kí yín o. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ Sátidé yìí? Ẹnì kan ni mí, n ò ní jẹ púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu

Àyè ẹnì kan ló kù. Ìwọ lo máa lọ Mile 12, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Mú àpò tìrẹ dání.